Bàbá Ọlọ́dà àti Bésìn Àbẹ̀kẹ́

Bí ilé yín bá wà ní Fọlá Àgòrò tàbí ní Ọbaníkòró, tó sì jẹ́ irú ilé àtijọ́ tó ní ọpọ́n ìwẹ̀ tánganran nínú, ó ṣeé ṣe kí bàbá mi àgbà ti wọ balùwẹ̀ yín rí. Á ti fi ẹsẹ̀ òsì wọlé, á ti wo ọpọ́n náà títí, á sì ti bi yín ní ìbéèrè kan tí kò dùn mọ́ yín nínú: "Ta ló ń wẹ̀ níbí tí kò sí mọ́?" Àwọn kan rò pé àwàdà ni. Àwọn mìíràn bínú. Obìnrin kan ní Ṣómólú lé e jáde, ó ní ẹni tó máa kun ọpọ́n lòun pè, òun ò pe ẹni tó máa ka òkú fún òun. Bàbá kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú ilé, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà jáde wá, ó sì dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó wọlé padà.

Bàbá Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó sọ ohun tánganran inú balùwẹ̀ tó ti gbó dọ̀tun: ọpọ́n ìwẹ̀, bésìn ìfọwọ́, àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ti hó, tí òdòdó tí wọ́n fi ọ̀dà yà sí wọn lára ti ń pa rẹ́, tí omi ti fa ìlà pupa sísàlẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ. Á fọ̀ wọ́n, á fi sáńpépà ha wọ́n, á dí ibi tó bá là, á fi sípíríìtì nù wọ́n, lẹ́yìn náà ni á wá kùn wọ́n. Bó bá ṣe tán, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú páálí ni.

Mi ò ní sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àlùfáà ti ṣe ìyẹn níbi fìdáù rẹ̀, wọ́n sì ṣe é dáadáa débi pé èmi gan-an ò dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ kì í bínú, kì í sì í jiyàn. Bàbá tèmi máa ń bínú, àgàgà tí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ èèyàn ló kórìíra jù láyé. Tó bá ti fi sípíríìtì nu tánganran tán, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fara kàn án títí ọ̀dà á fi gorí ẹ̀. Ó ní òróró wà lára gbogbo wa, bó ti wù ká wẹ̀ tó, àti pé ọ̀dà kì í di òróró mú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà á bo gbogbo rẹ̀, á máa dán, onílé á máa dúpẹ́. Àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀dà á wú, á sì ṣí níbi tí ọwọ́ ti kàn án gẹ́lẹ́, tìka-tìka. Ilé ìtẹ̀wé lèmi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, mo mọ ohun tí ìka tó lóróró lè fojú iṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n tiwa kì í fara pa mọ́, a kàn ń da bébà náà nù ni. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Tèmi ń dúró ná, Àṣàkẹ́. Tó bá yá, á sọ ẹni tó fọwọ́ kan òun."

Ọwọ́ tirẹ̀ náà kò pé. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Bàrígà nígbà tó ṣì lágbára, ó sì gé ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ààbọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bi í léèrè ibi tí ìyókù wà. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dáhùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbàgbé. "Ó wà ní Bàrígà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún."

Tó bá kun nǹkan tán, á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á sì máa ṣọ́ ọ̀dà títí á fi gbẹ. Ó ní nítorí eruku ni. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítòsí ibẹ̀, eruku ò sì létí. Ọkùnrin onílé kan ní Fọlá Àgòrò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá gbé ìka ààbọ̀ yẹn sí ẹnu. "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dà ń gbọ́."

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mú ara ẹni ṣe gìrì, ó ní èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín o. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ pariwo lé e lórí nígbà kan pé ọ̀dà ọpọ́n ìwẹ̀ òun ti ṣí lẹ́ẹ̀kejì, pé ọ̀dà ayédèrú ló ń lò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó gbóòórùn ọpọ́n náà, ó ní, "Màmá, ta ló ń wẹ̀ níbí?" Obìnrin náà ní òun àtàwọn ọmọ òun ni. Bàbá ki ìka bọ ojú ihò omi, ó sì yọ ìpẹ́ ẹja kan jáde, ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀. Ó gbé e síwájú obìnrin náà. "Èyí ńkọ́, Màmá? Ọmọ yín kelòó nìyí?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì fi ẹja yíyan ńlá méjì sìn ín délé.

Ti Ọbaníkòró kò pa wá lẹ́rìn-ín. Opó kan ló pè é. Ojú ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ ti hó látòkè délẹ̀. Bàbá béèrè ìbéèrè rẹ̀, obìnrin náà sì dáhùn láìbínú. Ó ní, "Ọkọ mi ni. Kò tíì pẹ́." Bàbá ha ọpọ́n náà, ó dí i, ó fi sípíríìtì nù ún. Ó wá ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ kírun ọ̀sán ní mọ́sáláṣí tó wà létí títì. Nígbà tó padà dé, ó kùn ún. Iṣẹ́ náà dára gan-an.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, opó náà fóònù. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Ọ̀dà ti ṣí ní ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà, ó sì jẹ́ ojú ẹsẹ̀ méjì, gbọọrọ, tó kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ ṣí omi. Mo rí i, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Opó náà nìkan ló ń gbé ilé náà. Obìnrin náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ náà, tirẹ̀ kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bàbá mú ọ̀bẹ ìháda, ó fẹ́ máa ha ọ̀dà náà kúrò kó lè tún un kùn. Opó náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mi ò mọ ibi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀."

Nígbà tá à ń bọ̀ wálé, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹnì kan ti wọlé nígbà tẹ́ ẹ lọ kírun nìyẹn." Bàbá ń rìn lọ, kò wo ojú mi. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi."

Ẹ wá wo balùwẹ̀ ilé tiwa. Bésìn ìfọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí òdòdó búlúù kéékèèké yí etí rẹ̀ ká. Inú ilé kan tí wọ́n ń wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti bí i, ni Bàbá ti gbà á. Ó fi orí rù ú wálé fún Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ràn bésìn náà, Ìyá Àgbà náà fẹ́ràn rẹ̀, orí rẹ̀ gan-an sì ni ìjà wọn dá lé.

Òrí ni Ìyá Àgbà ń fi para, láàárọ̀ àti lálẹ́, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìbínú ọlọ́dà, kó gbé òrí sún mọ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìdájí, kí Àsùbáà tó tó, Ìyá Àgbà á lọ ṣe àlùwàlá níbi bésìn náà. Orúnkún ń dùn ún, nítorí náà, tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kó lè fọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kékeré ti etí bésìn náà. Ojoojúmọ́, ibì kan náà, pẹ̀lú òrí lọ́wọ́. Àwọn òdòdó apá ibẹ̀ pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú dídán rẹ̀ náà hó, títí ara tánganran fi yọ síta, tó rí ṣákiṣàki. Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bútà rẹ̀, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti ń jẹ òdòdó mi tán o." Ìyá Àgbà á dáhùn látinú, "Ẹ má dí mi lọ́wọ́, mò ń ṣe àlùwàlá. Òdòdó yín ò sì dùn."

Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tó ń tún bésìn gbogbo ayé ṣe, tirẹ̀ rèé nílé! Kò dí ibẹ̀, kò kùn ún, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì kùn ún. Tí wọ́n bá béèrè ìdí, èsì kan ṣoṣo ló ní. "Iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀."

Ìyá Àgbà kú nígbà òjò. Kò pẹ́ tá a sin ín tí mo ṣàkíyèsí pé ibi tó ń fọwọ́ tì yẹn máa ń tutù kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó jí. Ẹnu ẹ̀rọ tì pinpin, inú bésìn gbẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lápá ọ̀tún tutù. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn ọwọ́ mi. Òrí ni. Mo sáré jáde, mo bá Bàbá lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, bó ti máa ń dúró nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé. Kò tiẹ̀ bi mí ní ohun tó ń lé mi. Ó kàn ní, "Jẹ́ kó ṣe tán."

Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ohun tí mò ń retí tí mo bá jí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó kó padà sílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kò lè gbà á. Òun kì í rí omi, ó ń gbọ́ ọ ni. Á ní òun gbọ́ tí omi ń dà ní ìdájí, òun á wọlé, òun ò sì ní bá ẹnì kankan. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ̀ nílé aládùúgbò. Nígbà tó yá, Bọ̀dá ra bésìn tuntun, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú páálí, ó sì lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wàhálà yìí ti tó gẹ́ẹ́. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí náà. Púlọ́ńbà ń bọ̀ lọ́la, ó máa fọ́ nǹkan yẹn kúrò."

"Ìyá ẹ lò ń sá fún yẹn, Kàmọ́rù."

"Ìyá mi ti kú, Bàbá! Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tá a sin wọ́n. Ohun tó ń da omi níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìyá mi. Àlùjànnú ni!" Àgbà ọkùnrin ni, ó ti lọ́mọ tó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n omijé wà lójú rẹ̀.

Mo rò pé ìjà ni Bàbá fẹ́ jà. Ó ní, "Jẹ́ kí n kùn ún. Tó bá dọ̀tun, tó o bá tún gbọ́ omi, fọ́ ọ. Mi ò ní bá ẹ jà."

Èmi ni mo wá bínú. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí ọwọ́ ìyá mi àgbà wà, òun náà ni Bàbá fẹ́ fi ọ̀dà bò yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo ní tó bá kùn ún kí ló kù fún wa? Ó ń wá nǹkan nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. "Àṣàkẹ́," ó ní, "lọ bá mi wá sáńpépà."

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Bàbá ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, mo sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú mi. Mo gbọ́ ìró sáńpépà. Mo gbóòórùn sípíríìtì, mo mọ̀ pé ó ti ń nù ún. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà nítòsí sọ̀rọ̀. "Ó yá, gbé e síbẹ̀. Rọra." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tá a ti sin Ìyá Àgbà. Mi ò kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tó jáde, òórùn ọ̀dà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dán.

"Bàbá, ẹ fi òrí pa ọwọ́?"

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Ọyẹ́ ti dé," ó ní. "Ọwọ́ ń gbẹ."

Bésìn náà funfun báláú. Kò sí òdòdó, kò sí ibi tó hó. Omi kò dà ní ìdájí mọ́, ìyàwó Bọ̀dá padà sí balùwẹ̀, ara tù wọ́n. Èmi ò lè wo bésìn náà. Bàbá kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé bútà rẹ̀ lọ. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú. Orí ẹní ìrun rẹ̀ la ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti kírun Àsùbáà tán. Kí àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́ tó dé, mo jókòó tì í, mo di ìka ààbọ̀ yẹn mú, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Lẹ́yìn fìdáù, Bọ̀dá Kàmọ́rù jáde ní yàrá rẹ̀ láàárọ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní omi tún ń dà. Ó ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn méjì ni." Kò jẹun, ó pe púlọ́ńbà. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú òòlù, Bọ̀dá gbé bésìn tuntun yẹn jáde nínú páálí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ balùwẹ̀.

Ọ̀dà ti ṣí ní etí bésìn lápá ọ̀tún. Ojú ọwọ́ ńlá kan ni, ọwọ́ ọ̀tún, ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kò ju ààbọ̀ lọ. Lábẹ́ ọ̀dà tó ṣí, ara tánganran ṣákiṣàki tí Ìyá Àgbà ń fọwọ́ tì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá kò dí i rárá, ọ̀dà lásán ló fi bò ó.

Mo sọ ti òrí tó wà lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ tó kun bésìn náà fún Bọ̀dá. Kò sí ìdí fún àlàyé púpọ̀, ọmọ ọlọ́dà ni, ó mọ ohun tí òrí ń ṣe. Ó rọra mi orí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ibòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ńlá yẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Ọwọ́ kékeré ni. Ìka rẹ̀ pé. Mo gbé ọwọ́ tèmi síbẹ̀, tèmi tóbi jù ú lọ. Mo rántí ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, tó ní kí ẹnì kan rọra. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Púlọ́ńbà ti gbé òòlù sókè. Bọ̀dá Kàmọ́rù dì í lọ́wọ́ mú. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi gbé tuntun yẹn lọ, mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo jí, mo gbọ́ ọ fúnra mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Omi ń dà nínú balùwẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù jókòó sórí àpótí ìjókòó Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, bútà òfìfo wà lórí itan rẹ̀, ilẹ̀kùn sì tì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ìka sí ẹnu.

"Sùúrù," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n ṣe tán."